Ẹ̀jẹ̀ inú agbárí àti kókó ẹ̀yìn ojú: èyí tó lè dúró àti èyí tí kò lè dúró

Ní Ìlọrin níbí, bí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ó lé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi orúkọ àwọn ọmọ pè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, tó ń sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ohun tí ilé yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ọjọ́ ogbó ti dé. Bí wọn ò bá pè é ní ogbó, wọ́n á ní ẹ̀gbà ni. Kò sẹ́ni tó máa rántí pé ní bí oṣù kan sẹ́yìn, ẹsẹ̀ bàbá yọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ìdájí, wọ́n forí gbá ògiri, wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n sì lọ kírun. Ọjọ́ náà gan-an ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ sórí ọpọlọ wọn. Ihò kéékèèké méjì ni àwọn oníṣẹ́ abẹ máa lu sí agbárí irú bàbá bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dúdú á dà jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà sílé.

Mo ń kọ èyí fún àwọn tó ń gbé aláìsàn kiri láàárín Ọ̀ffà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìlọrin, kí wọ́n lè mọ èwo ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lóru, èwo ló lè di ọjọ́ Ajé, èwo sì ni kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára fi ọ̀bẹ kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí agbárí ṣe rí. Eegun ló yí i ká, kò lè fẹ̀ sí i. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọpọlọ tó tó bí 1,400 mílílítà, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan tó tó bí 150, àti omi mímọ́ kan tó yí ọpọlọ ká, tí òun náà tó bí 150. Bí ohun kẹrin bá wọlé, ìbáà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dà, ìbáà jẹ́ kókó tó ń hù, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ sún fún un. Omi ló ń kọ́kọ́ sún, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan á tẹ̀ lé e. Bí àwọn méjèèjì bá ti sún tán, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá ibi gbà, kò sì sí ọ̀nà ńlá kankan lẹ́yìn ihò ìsàlẹ̀ agbárí, níbi tí ẹ̀yà ọpọlọ tó ń darí èémí wà. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè máa sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́wàá, kó má sì lè dá mí mọ́ ní aago méjìlá.

Ihò ojú náà fara jọ ọ́. Eegun wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 mílílítà lọ, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹyinjú fúnra rẹ̀ kó bí 7 nínú iye yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀: ohun tó bá há sẹ́yìn, ẹyinjú ni yóò máa tì bọ̀ síta.

Nínú méjèèjì, bí nǹkan náà ṣe ń yára kún ló ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi tó lọ. Kókó tó fi ọdún mẹ́wàá hù lè tóbi bí ọsàn nínú agbárí ìyá kan tó ṣì ń lọ tajà ní Ìpàta lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà láàárín wákàtí kan, ìwọ̀nba ṣíbí díẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

Èyí tó yára jù ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sáàárín eegun àti awọ líle tó bo ọpọlọ. Eegun ẹ̀bátí tinrin, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá gẹ́lẹ́. Ọmọ tó já láti orí igi máńgòrò, tàbí ọlọ́kadà tó forí sọlẹ̀ láìdé akoto, lè dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó jí, kó sọ̀rọ̀, kó ní òun fẹ́ jẹun. Àwọn ará ilé á dúpẹ́, wọ́n á gbé e padà sílé. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ gidigidi, á máa bì, oorun á máa gbé e lọ, ọmọlójú kan á fẹ̀ ju èkejì lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jí láàárín bẹ́ẹ̀ o; àwọn mìíràn kò ní jí rárá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Nítorí náà, jíjí tó jí kò fi hàn pé kò ṣe é ní nǹkan, àìjí rẹ̀ náà kò sì fi hàn pé ó ti pẹ́ jù.

Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti ju 30 mílílítà lọ lórí CT scan, ìyẹn àwòrán inú orí, ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n ṣí orí, kódà bí aláìsàn bá ṣì ń dáhùn. Wọ́n á gé eegun bíi fèrèsé kékeré, wọ́n á kó ẹ̀jẹ̀ dídì tó rí bí ẹ̀dọ̀ kúrò, wọ́n á fi iná pa ẹnu iṣan tó ń dà, wọ́n á sì fi okùn rán awọ ọpọlọ mọ́ etí eegun yíká kí àyè má baà ṣẹ́kù tí ẹ̀jẹ̀ mìíràn lè kóra jọ sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá eegun padà. Bóyá ni iṣẹ́ abẹ orí mìíràn wà tí èrè rẹ̀ pọ̀ tó èyí, nítorí ọpọlọ tó wà lábẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà kì í sábà fara pa púpọ̀. Ọ̀nà tó jìn àti ìdúró tó pọ̀ ló ń pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ká mi lára. Ẹni tó bá ń gbé aláìsàn bọ̀ láti Òmù-Àrán gbọ́dọ̀ mọ ohun díẹ̀. Ẹ má ká a sí ẹ̀yìn mọ́tò bí ẹrù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn mú kó wà lójú kan, nítorí ẹni tó bá forí gbálẹ̀ lè ti ṣẹ́ lọ́rùn. Bó bá ń bì, ẹ yí gbogbo ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lẹ́kọ, ẹ má bu àgbo sí i lẹ́nu. Máàkì 3 sí 15 ni àwọn dókítà fi ń wọn bí ènìyàn ṣe jí sí, wọ́n ń wo bó ṣe ń lajú, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń gbé apá àti ẹsẹ̀. Ẹni tó bá já sí 8 tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lè dáàbò bo ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ mọ́, ohun tí ẹ bá fi sẹ́nu rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ kọ aago tó ṣubú sílẹ̀, ẹ kọ aago tí oorun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání. Ẹ mú ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dání. Kí ọsibítù tó ń fi í ránṣẹ́ sì pe ibi tó ń lọ lórí fóònù kí mọ́tò tó gbéra.

Bí ilé ìwòsàn àdúgbò bá fẹ́ so omi fún un, omi iyọ̀ 0.9% ni kí wọ́n so, kí wọ́n má so omi ṣúgà 5%. Ara á jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tán, omi lásán ló máa kù, omi yẹn á sì wọ inú ọpọlọ tó ti ń wú tẹ́lẹ̀. Omi oògùn mannitol 20% wúlò bí ọmọlójú bá ti ń fẹ̀: gíráàmù 0.25 sí 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n. Ẹni tó wọ̀n kílò 70 kò ní gbà ju 350 mílílítà lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti fi rọ́bà ìtọ̀ sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí ìtọ̀ á ya. Mannitol kò wo nǹkan kan sàn o, ó kàn ń dá wíwú dúró fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n lè dé tíátà ni. Fún orí fífọ́, parasetamol ni. Alábùkún ní aspirin nínú, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bó ṣe yẹ. Ẹni tó forí gbálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá àlùwàlá, nítorí àìsàn tiwọn yìí ni mo rò pé a ń pàdánù jù láìnídìí.

Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, ọpọlọ a máa sún kì díẹ̀díẹ̀, àyè tó wà láàárín òun àti awọ líle a máa fẹ̀ sí i. Àwọn iṣan kéékèèké kan wà tí wọ́n dá àyè náà kọjá bí afárá. Bí ọpọlọ ṣe ń sún, ńṣe ni wọ́n ń nà tantan, ìkọlù kékeré ló máa já wọn. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan bẹ́ẹ̀ kì í tú pọ́n-ún, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí ẹ̀jẹ̀ náà ká, awọ ọ̀hún á sì hu iṣan tuntun tí kò lágbára, tí àwọn náà á tún máa jò. Bó ṣe ń pọ̀ sí i nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, láìjẹ́ pé bàbá tún ṣubú. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí aspirin, ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀, àti ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń bá.

Ohun tó fi yàtọ̀ sí ẹ̀gbà ni bó ṣe ń rìn. Ẹ̀gbà ń dé lójijì, ẹ lè sọ wákàtí tó dé. Èyí ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀: lónìí bàbá mọ gbogbo ènìyàn, lọ́la wọn ò mọ ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn lè wọ́, orí á máa fọ́ wọn ní òwúrọ̀, wọ́n á máa tọ̀ sára. Bí ẹ bá rí i pé àgbàlagbà yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, CT scan ni kí ẹ béèrè. Lórí fíìmù, ẹ̀jẹ̀ tuntun a máa funfun, ẹ̀jẹ̀ tó ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ a máa dúdú, ó sì máa ń rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ewu wà láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta: àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ bára mu pátápátá, ẹni tí kò fara balẹ̀ wò ó lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà yẹn, ẹ wò ó bóyá ọpọlọ ti yẹ̀ kúrò láàárín.

Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lọ báyìí. Bí wọ́n bá ń lo warfarin, wọ́n á kọ́kọ́ fún wọn ní vitamin K àti omi ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, títí INR, ìyẹn ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, á fi wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 1.5. Wọ́n lè kun àgbàlagbà lóorun, wọ́n sì lè fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa awọ orí lára nìkan, bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kò bá dára. Wọ́n á la awọ orí ní ibi méjì, ọ̀kan lókè iwájú orí, ọ̀kan lẹ́yìn òkè etí, kálukú bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4. Dírílù tí wọ́n fi ń lu eegun máa ń dúró fúnra rẹ̀ bó bá ti la eegun já. Ibi tí kò bá sí iná, dírílù ọwọ́ ń ṣe é dáadáa bí ọwọ́ bá dákẹ́. Fífẹ̀ ihò náà kò ju bíi mìlímítà 14 lọ. Wọ́n á fi iná pa iṣan orí awọ líle, wọ́n á gé e ní àgbélébùú, ẹ̀jẹ̀ tó rí bí epo ẹ́ńjìnnì àlòkù á sì tú jáde. Omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn ni wọ́n á máa fi ṣan án, láti ihò kan bọ́ sí èkejì, títí omi á fi mọ́.

Ẹ fetí sí èyí tó kàn. Kí wọ́n tó rán an, kí wọ́n fi rọ́bà fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó máa fa ìyókù jáde fún ọjọ́ méjì. Ní 2009, àwọn dókítà ní Cambridge gbé àbájáde jáde lórí aláìsàn 215: nínú àwọn tí wọ́n fi rọ́bà sí, ẹ̀jẹ̀ padà kóra jọ lára 9.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí wọn ò fi sí, 24. Iye àwọn tó kú láàárín oṣù mẹ́fà náà dín kù sí bí ìdajì. Rọ́bà tí kò wọ́n ló ṣe gbogbo èyí. Àpò tí wọ́n so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju orí lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé e sókè láìti rọ́bà náà pa, torí ohun inú rẹ̀ lè padà wọ orí. Àwọn ará ilé ló máa ń ṣe àṣìṣe yìí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé bàbá jókòó kí wọ́n lè jẹun.

Ohun tó lè bàjẹ́: ẹ̀jẹ̀ náà lè padà, wọ́n á sì tún un fà nípasẹ̀ ihò kan náà. Afẹ́fẹ́ lè há sínú agbárí kó máa ti ọpọlọ. Gìrì lè mú wọn. Ọpọlọ tó ti sún kì tipẹ́tipẹ́ lè má fẹ̀ padà, ìyẹn ló ń mú kí àyè ṣẹ́kù. Ẹ̀rù orí lílu ń ba ènìyàn, mo mọ̀, àmọ́ iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láti 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà yàtọ̀. Inú ọpọlọ gan-an ló ń dà sí, nísàlẹ̀ jìnnà, òun sì ni ilé máa ń fẹ́ kí wọ́n ṣí orí fún jù. Bẹ́ẹ̀ òun ni orí ṣíṣí kì í sábà ràn lọ́wọ́. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2005 lórí aláìsàn 1,033 ní orílẹ̀-èdè 27 fi hàn pé yíyára ṣiṣẹ́ abẹ kò fi gbogbo ara sàn ju oògùn àti ìtọ́jú tó péye lọ. Kí ọ̀bẹ tó dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, ó gbọ́dọ̀ gba inú ọpọlọ tó ṣì dára kọjá. Nítorí náà, bí dókítà bá ní òun kò ní ṣí i, ẹ má rò pé torí owó ni, tàbí pé ó ti sọ̀rètí nù. Ohun tó ń ṣe ìrànwọ́ níbẹ̀ ni kí wọ́n tètè fa nọ́ńbà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wá sí nǹkan bí 140 ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, kí orí bẹ́ẹ̀dì ga díẹ̀, kí ibà àti ṣúgà má ga. Àyípadà wà fún ẹ̀jẹ̀ tó dà sí ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí lókè ọrùn: bí ó bá ti fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kí wọ́n yára ṣí i, torí ọ̀nà omi ló ń dí. Bí omi bá sì ti ń kún inú ọpọlọ, wọ́n á fi rọ́bà fa á: wọ́n á wọn sẹ̀ǹtímítà 11 láti ìdí imú lọ sẹ́yìn, 3 sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á lu ihò, wọ́n á ki rọ́bà wọlé bíi 6.

Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ọ̀pọ̀ a máa fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ tán pátá. Ẹ lọ bá dókítà yín ṣáájú ààwẹ̀ kó yí i sí èyí tí ẹ ó máa lò ní àsìkò sààrì tàbí ìṣínu.

Èyí tó mú ẹ̀jẹ̀ àti ojú pàdé ni aneurysm: ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó lé bí èso kékeré. Bó bá bẹ́, orí á fọ́ lójijì bíi pé wọ́n fi odó lù ú, á dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan, ọrùn á le. Kó tó bẹ́, ó lè tẹ iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú, kí ìpéǹpéjú kan ṣàdédé bọ́ sílẹ̀, kí ọmọlójú rẹ̀ sì fẹ̀. Ojú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíláàsì. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí wọ́n ya àwòrán iṣan orí rẹ̀. Bó bá ti bẹ́, ewu pé yóò tún bẹ́ pọ̀ jù láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, nítorí náà wọ́n á wá ọ̀nà láti dí i, yálà kí wọ́n ṣí orí kí wọ́n fi kílíìpù há ọrùn rẹ̀, tàbí kí wọ́n gba iṣan itan kọjá lọ fi wáyà rírọ̀ kún inú rẹ̀. Oògùn nimodipine mílígíráàmù 60 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọjọ́ 21 wà fún gbogbo wọn, bí ìfúnpá bá gbà á. Kí ẹ má ṣe dá a dúró ní ọjọ́ kẹwàá torí pé ara ti yá.

Ó ku ẹ̀yìn ojú.

Níbẹ̀ náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìṣẹ́jú ti ń kà. Ẹni tí wọ́n lù lójú, tàbí tó forí gbá mọ́tò, tí ojú rẹ̀ yọ síta, tó le bí òkúta nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án lórí ìpéǹpéjú, tí kò ríran mọ́, tí ọmọlójú kò sún bí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ẹ̀jẹ̀ ti dà sẹ́yìn ojú rẹ̀. Awọ ìríran kò lè fara dà á ju nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Kí wọ́n má dúró de scan. Dókítà tó wà ní ìdí ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì ló yẹ kó ṣe é níbẹ̀: kó fún igun ojú òde ní abẹ́rẹ́, kó fi irin há igun náà fún ìṣẹ́jú kan, kó gé e bíi sẹ̀ǹtímítà 1, kó wá gé iṣan líle tó di ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ mọ́ eegun. Bí ìpéǹpéjú bá ti tú, ojú á rí àyè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á gé awọ nìkan, wọ́n á fi iṣan líle yẹn sílẹ̀, ìfúnpá ò ní wálẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì di báńdéèjì le mọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀.

Bí ojú bá yọ lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí jàǹbá mọ́tò ṣẹlẹ̀, tó pọ́n, tó ń lù kìkì bí ọkàn ṣe ń lù, tí aláìsàn sì ní òun ń gbọ́ ariwo fùù-fùù lórí, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́rẹ́ gún un láti fi wá kókó. Iṣan ńlá ló já sínú iṣan mìíràn. Inú iṣan ni wọ́n ti ń dí i.

Kókó gidi ò yára báyìí, àfi lára ọmọdé. Ọmọdé tí ojú rẹ̀ yọ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọsibítù ńlá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn jẹjẹrẹ tó ń ṣe ọmọdé lójú, títí kan Burkitt tó tún máa ń wú páárì, ń gbọ́ oògùn jẹjẹrẹ dáadáa bí wọ́n bá tètè dé. Bí inú ọmọlójú ọmọ kékeré bá ń tàn funfun bíi ti ológbò nínú fọ́tò, inú ojú gan-an ni ti ìyẹn wà, òun náà kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn oṣù tó ń lọ sórí tìróò, ìtọ̀ àti omi ewé tí wọ́n ń kán sójú ọmọ.

Lára àgbàlagbà, kì í ṣe gbogbo ojú tó yọ ló ní kókó. Àìsàn thyroid, ìyẹn àìsàn onígẹ̀gẹ̀, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, ó sì lè yọ ojú kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ thyroid wò kí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tó wáyé. Ẹ dúró lẹ́yìn aláìsàn tó jókòó, kó gbé orí sẹ́yìn, ẹ wo ojú méjèèjì láti òkè iwájú orí: bí ọ̀kan bá yọ ju èkejì lọ ní mìlímítà 2, ó ní ìdí. Ibi tí ojú bá kọjú sí náà ń sọ̀rọ̀. Ojú tó yọ tààrà síwájú, ohun tó tì í wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Èyí tó lọ sísàlẹ̀ àti sí ọ̀nà imú, ẹ wo ibi tí omijé ti ń sun, lókè lóde. Èyí tó lọ sí òde, inú imú ni kí ẹ wò.

Kókó ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn ojú àgbàlagbà ní awọ tirẹ̀, ó ń jáde lódindi. Wọ́n á la ìgbẹ́yìn ìrun ojú, wọ́n á fi ayùn kékeré gé eegun ẹ̀gbẹ́ ojú, wọ́n á fi irin tútù tó ń mú un dì mọ́ ọn fà á jáde, wọ́n á dá eegun padà. Èyí tó bá rọ̀ mọ́ iṣan ìríran yàtọ̀ pátápátá. Meningioma, ìyẹn kókó tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ àti iṣan ìríran, bó bá yí iṣan ìríran ká, bí aláìsàn bá ṣì ń ríran, kí ẹnikẹ́ni má bó o: ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ iṣan náà inú kókó ló gbà kọjá, bíbó rẹ̀ ló ń fọ́ ojú náà. Ìtànṣán ni ìtọ́jú rẹ̀, bíi 50 sí 54 Gy (ìwọ̀n ìtànṣán), díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà 28 sí 30, láti Ajé dé Ẹtì.

Meningioma tó hù lára eegun ẹ̀yìn ẹ̀bátí, tó ń bá obìnrin jù, ni ti oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ gan-an. Ẹ̀bátí á kún, ojú á máa yọ láìdùn ún. Wọ́n á ṣí orí láti ẹ̀gbẹ́ iwájú etí, wọ́n á fi dírílù fá eegun tó ti nípọn, wọ́n á ṣí òrùlé ihò tí iṣan ìríran gbà wọlé, wọ́n á kó kókó. Àmọ́ ibì kan wà lẹ́yìn ojú tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti gbogbo iṣan tó ń yí ojú ti ń kọjá. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi èyí tó wọ ibẹ̀ sílẹ̀, á máa fi MRI, irú àwòrán inú orí mìíràn, ṣọ́ ọ, tàbí kó fi ìtànṣán mú un. Bí wọ́n bá ṣèlérí fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló máa jáde, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí ti ibẹ̀.

Pituitary, ẹ̀yà kékeré kan tó ń tú hormone sínú ẹ̀jẹ̀, wà láàárín, lókè ẹ̀yìn imú, lábẹ́ ibi tí iṣan ìríran ọ̀tún àti òsì ti pàdé. Kókó rẹ̀ kì í yọ ojú síta, ẹ̀gbẹ́ ìríran ló ń jẹ: aláìsàn á máa fi èjìká gbá ẹnu ọ̀nà, kò ní rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Nǹkan oṣù lè dá dúró, ọmú lè máa sun wàrà. Kí wọ́n yẹ prolactin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ọmú sun wàrà, wò kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, torí irú èyí tó ń tú prolactin jáde, oògùn cabergoline lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló sábà máa ń mú un sún kì, kódà bó tóbi. Àwọn yòókù, ihò imú ni wọ́n ń gbà lọ yọ wọ́n.

Lẹ́yìn ti ihò imú yìí, ẹ máa wọn ìtọ̀: bó bá ju 250 mílílítà lọ ní wákàtí kan fún wákàtí méjì léra, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wò ní bí ọjọ́ keje, torí ó lè já wálẹ̀ nígbà tí aláìsàn ti délé. Bí omi tó mọ́ gaara, tó ní adùn iyọ̀, bá ń kán láti imú nígbà tó tẹ orí wálẹ̀, omi ọpọlọ ni, ẹ padà lọ́jọ́ náà. Kó má fun imú, kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má gbé garawa omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó ń kírun, kó máa kí i lórí àga. Fífi iwájú orí kanlẹ̀ lè tún ibi tí wọ́n dí ṣí. Bí wọ́n bá fún un ní dexamethasone tàbí hydrocortisone, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, ìbáà jẹ́ pé owó oògùn ló tán.

Ẹni tó bá ní kókó tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́, kó lẹ kàlẹ́ńdà kan mọ́ ògiri, kó máa dúró síbì kan náà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kó fi èkejì kà á. Lẹ́yìn náà, kó gbé tàtàṣé tó pọ́n dáadáa sókè, kó fi ojú kọ̀ọ̀kan wò ó. Bí pípọ́n rẹ̀ bá ṣá bí ẹni pé wọ́n bu omi là á lójú ọ̀kan ju èkejì lọ, iṣan ìríran ti ń rí ìfúnpá, kódà bó bá ṣì ń ka kàlẹ́ńdà náà tán. Kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀.